Jíà Tí Ọkọ Mi Pààrọ̀ Nídìí Lọ́rì Mi

Èmi ni mo ni lọ́rì, ọkọ mi ló ń wà á. Ẹ má wulẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń kó gàrí láti Abẹ́òkúta wá sí Muṣin, tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa gbalaja, obìnrin tó ní lọ́rì kò pọ̀, ṣùgbọ́n èmi ní tèmi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló. Ohun tí mo bá ti fi òógùn ojú mi rà, ojú méjèèjì ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Ọmọ Muṣin gan-an ni ọkọ mi ní tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn lọ́rì yẹn débi pé ó máa ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó wẹ̀.

Ìgbà kan wà tí mo lọ kí ìyá mi nílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo padà dé, mi ò rí kẹ̀kẹ́ ológeere ọkọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, kẹ̀kẹ́ yín dà?”

Ó ní òun ti gbé e fún mẹkáníìkì kan ní Yábàá, òun sì ti fi gba jíà.

“Jíà kí ni?”

“Jíà ìdí lọ́rì. Ó ti tú ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ó ti fi òmíràn sí i. Ìyá Ìbejì, fara balẹ̀ ná, epo tí lọ́rì ń mu ló máa dín kù.”

Kí n fara balẹ̀ kẹ̀? Wọ́n tú ìdí ọkọ̀ mi nígbà tí mi ò sí nílé, wọ́n wá ní kí n fara balẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà títí ohùn mi fi há. Àwọn ará Ìjẹ̀bú tó wà ní ojúlé kejì kò tiẹ̀ díbọ́n mọ́, wọ́n gbé àpótí síta, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń wòran wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba Yábàá lọ. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí ni mẹkáníìkì náà, epo dúdú dé ìgúnpá rẹ̀, ẹ̀rù mi ò sì bà á rárá. Ó gbé jíà àtijọ́ kalẹ̀ níwájú mi.

“Màmá, ẹ wò ó. Pẹ̀lú èyí, kí táyà ẹ̀yìn tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á ti yí bí ẹ̀ẹ̀méje. Pẹ̀lú èyí tí mo fi sí i, bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ṣe wàhálà púpọ̀ kò ní mu epo púpọ̀.”

“Tó bá wá dé orí òkè ńkọ́?”

Ó họrí. “Òkè,” ló wí, “ọ̀rọ̀ òkè tún yàtọ̀ díẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo délé, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló bá wa dá sí i. Aránṣọ ni, àgbà Mùsùlùmí tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní kí á gbé lọ́rì lọ sí Abẹ́òkúta, kí á gbé e bọ̀, kí á wọn epo rẹ̀, kí ariwo ó tán nílé. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ tèmi níwájú rẹ̀: bí epo kò bá dín, àbúrò mi ọkùnrin ni yóò máa wa lọ́rì náà, kí ọkọ mi gba oko bàbá rẹ̀ lọ. Ọkọ mi ní ó dára. Ojú rẹ̀ fà ro, kò sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Garawa mẹ́ta ni lọ́rì wa máa ń mu ní àlọ àti àbọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé wa. A rọ epo sínú rẹ̀ títí ó fi kún dé ẹnu, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì gbé garawa mẹ́ta pa mọ́ sínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí a bá dé, a ó tún rọ ọ́ kún dé ẹnu. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú garawa ni èrè jíà. Mo wọ iwájú lọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo dijú mọ́rí bí adájọ́.

A kọjá Ọ̀tà, a bọ́ sí ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, mo sì ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì kò ké. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ bá ara yín sọ̀rọ̀ níwájú lọ́rì yẹn, ẹ óò pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun yín á fi gbẹ, ìdí nìyẹn tí èmi àti ọkọ mi kì í fi í sọ nǹkan kan lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ náà ó béèrè eékún ìyá mi tó ń dùn ún lọ́wọ́ mi, mo sì dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìbejì, ó sín Táyé jẹ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń bínú, mo rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mò ń jà. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo wo iwájú kó má baà rí i.

Àmọ́ mo tún rí i pé epo yóò dín lóòótọ́. Ojú mi yóò wá ti mí níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ, tí àwọn Ìjẹ̀bú fi gbé àpótí síta. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọgbọ̀n àpò gàrí àti èrò díẹ̀ la máa ń kó. Nígbà tí ọkọ mi lọ kírun ní Abẹ́òkúta, mo ní kí àwọn alábàárù fi mẹ́fà kún un, kí wọ́n tì í sísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tó dé, ó yí lọ́rì po, ó so okùn mọ́ ẹrù bó ti máa ń ṣe, ó sì wọ ọkọ̀.

Òkè àkọ́kọ́ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń pààrọ̀ jíà ọwọ́, ẹ́ńjìnnì ń ké bíi ti àtijọ́, lọ́rì kò lọ. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ gun òkè lẹ́yìn wa. Ìyá arúgbó kan kò dákẹ́ títí a fi dé òkè kẹta. “Owó ọkọ̀ ni mo san o,” ló ń wí, “ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì ń wọ̀ lọ sí Muṣin.” Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń nu òógùn.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a délé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló di àrọ tí a fi ń rọ epo mú. Ó da garawa kìíní, ó da ìkejì, ó da ìkẹta títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn. Epo kò dé ẹnu.

“Kò dín,” ló wí. “Ó tiẹ̀ lé díẹ̀.”

Ohun tí mò ń wá nìyẹn, mo sì ti rí i. Ọkọ mi yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó gbé e síwájú mi lórí ẹní. Kò jiyàn. Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn fún mi. Ojú tì mí.

“Bàbá, ẹ dákun,” mo wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àpò mẹ́fà wà nínú ọkọ̀ yẹn tí kì í sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi kún un.”

Bàbá yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀,” ni ọkọ mi wí. “Èmi ni mo so okùn mọ́ wọn.”

Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà, mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn Ìjẹ̀bú. A lo jíà yẹn títí lọ́rì fi gbó. Bí ẹ bá wá bi mí bóyá ó dín epo kù, mi ò lè sọ, torí mi ò wọn ọ́n mọ́.