Irun Ìbùkún Tí Mo Tọ́jú

Òórùn irun tó ń jó ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ti mọ́ nílé wa l'Ájégúnlẹ̀. Bí àwọn ayálégbé tó kù bá ń din àkàrà, ìyá mi á ti wà lẹ́yìn balùwẹ̀ pẹ̀lú agolo ńlá kan, á máa fi igi tú irun tó gbá jọ ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Irun tí àwọn oníbàárà gbàgbé ni. Á dúró tì í títí gbogbo rẹ̀ á fi di eérú, á da omi lé e, á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èéfín yẹn a máa wọ inú aṣọ tí a sá sórí okùn. Tí mo bá dé ilé kéú, àwọn ọmọ á ní mo ń rùn bí orí ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná wì.

Onídìrí ni ìyá mi. Ìsẹ́yìn ni òun àti bàbá mi ti wá kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ń wa tírélà, ojú títì ló ń sùn ju ilé lọ. Abẹ́ páànù kan létí Malu Road ni ìyá mi ti ń dirí, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì méjì àti ẹní kan. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé obìnrin tó bá dirí tán nígbà yẹn kì í fi irun tí wọ́n yà kúrò lórí rẹ̀ sílẹ̀. Á ṣà á, á dì í sínú láílọ́ọ̀nù, á gbé e lọ, kí ẹni ibi má baà rí i lò. Ìbẹ̀rù ti ìyá mi yàtọ̀. "Bí orí bá ń fọ́ wọn nílé, onídìrí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò," ló máa ń sọ. "Ìfura loògùn àgbà." Ó sọ ọ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi láti dàgbà.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí Ìbùkún dé. Àpápá GRA ni wọ́n ń gbé, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ wà. Ilé ìwé rẹ̀ a máa sọ irun tí gbogbo ọmọbìnrin máa dì ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń bá a ṣe é nílé sì ti kó lọ. Dẹ́rẹ́bà wọn ló mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Sátidé kan. Ó gbé mọ́tò sáàárín àwọn tírélà, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń ṣọ́ wa. Àwọn oníbàárà pọ̀ lọ́rùn ìyá mi, ló bá fà á lé mi lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ mi gan-an ni.

Mo fura sí i kíákíá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi dáadáa, mo ní ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n kọ́ òun ní pidgin, mo ní ó fẹ́ lọ máa sín wa jẹ nílé ìwé wọn ni. Nígbà tó gbé búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa fún mi, mo ní kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níṣojú mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbùkún gé e jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Abeg, Kúdí, ṣé mo ti kú?" Mo gba èyí tó kù, mo jẹ ẹ́ tán.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti wá bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má rí gbàgàdà báyìí, mi ò rí i. Bó bá gbé orí lé orúnkún mi tí mo ń la ìlà ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ariwo Malu Road á dákẹ́ létí mi. Mo máa ń tú ìlà tó gún régé, màá ní ó wọ́, kó má baà tètè lọ. Lọ́jọ́ kan òjò dé, gbogbo wa sá sábẹ́ tapólì ẹni tó ń lẹ táyà. Ìbùkún di ọwọ́ mi mú, kò ka àdí àgbọn tó wà níbẹ̀ sí, kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí òjò fi dá. Láti ọjọ́ yẹn ni Sátidé ti ń pẹ́ dé.

Kì í kó irun rẹ̀. Bí mo bá dì í tán, á dìde, á gbọn ara, ó di inú mọ́tò.

"Kó irun ẹ o," ni mo sọ fún un. "Wọ́n lè lò ó."

"Ta ni?"

"Èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bá mi tọ́jú ẹ̀ nígbà náà. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó o fún ìyá mi kó jó o? Mo dì í sínú láílọ́ọ̀nù, mo fi sí ìsàlẹ̀ báàgì aṣọ mi. Bó ṣe ń wá ni mò ń fi kún un.

Ìgbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ń wá aṣọ mi tó máa rán mọ́, ó sì bá láílọ́ọ̀nù náà pàdé. Ó mọ irun orí gbogbo oníbàárà rẹ̀.

"Kúdí, ta ló rán ẹ? Àwọn ọmọ yahoo ni, àbí? Wọ́n ṣèlérí fóònù fún ẹ?"

Mo búra, kò gbọ́. Ó wé híjáàbù, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ kẹ̀kẹ́ ó di GRA. Ó ní bí àwa fúnra wa bá gbé e lọ, kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé a fi pamọ́. Èmi ò rí ti oògùn rò rárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn ò ní jẹ́ kí n rí Ìbùkún mọ́.

Pálọ̀ wọn tutù bí inú fíríìsà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé láílọ́ọ̀nù sórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irun ọmọ yín rèé. Gbogbo ẹ̀ pé. A ò fi ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyá Ìbùkún fò sẹ́yìn, ó pariwo pe ọmọ rẹ̀. Ìbùkún sáré wọlé, ó rí mi, ó rí tábìlì.

"Mummy, èmi ni mo ní kó bá mi tọ́jú ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn, èmi ló kọjú sí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni o fẹ́ gbé e fún?"

"Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ gbé e fún mà," ni mo wí. "Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni. Mi ò lè jó o níná."

Ìbùkún bú sẹ́kún. "Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, Mummy."

Mo rí ojú ìyá rẹ̀ bó ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀, tó ń wo ọmọ rẹ̀, tó ń wò mí. Ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí oògùn, àdúrà ni wọ́n máa ń gbà lé e lórí. Èyí kò yé e, tàbí ó ti ń yé e jù. Ìyá mi rí ojú yẹn pẹ̀lú. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, obìnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa mà. Èmi ni mo rán an. Oògùn àwúre ni mo fẹ́ fi ṣe, kí oníbàárà lè pọ̀. Ẹ foríjì mí."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó fún mi léèékánná lẹ́sẹ̀. Bí ara ṣe tu ìyá Ìbùkún ni mi ò lè gbàgbé. Ó gba irọ́ náà bí ẹni gba omi tútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní ni mo ń fura pé ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó lé wa jáde. Dẹ́rẹ́bà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kó tó di Sátidé, Malu Road ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbé orí fún ìyá mi mọ́. Obìnrin tó ń jó irun onírun kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí i ló wá di ẹni tí wọ́n ń fi ìka hàn. Ìjọra ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja dídì, ibẹ̀ ló sì wà di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo rí Ìbùkún lẹ́ẹ̀kan sí i láti ojú títì. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò mí títí mọ́tò fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti mú un lọ sí òkè òkun.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan l'Ápápá. Bí wọ́n bá bi mí nípa ọkọ, mo ní ọkùnrin kan wà ní Kánádà. Mo ti fún un lórúkọ, mo ti fún un níṣẹ́. Bí àwọn ẹbí bá sì ń yẹ̀ mí wò, ìyá mi á gbé orí sókè nídìí ẹja rẹ̀, á ní, "Ó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀." A kò sọ̀rọ̀ pálọ̀ yẹn rí, èmi àti òun.

Mo ti wá gbọ́n. Mo mọ ẹni tí mo lè wò lójú àti ẹni tí mi ò gbọ́dọ̀ wò, mo sì mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí, tí Kúdí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe èmi àti Kúdí kékeré yẹn síwájú ìyá Ìbùkún lónìí, tó sì tún bi wá pé ta ni a fẹ́ gbé irun náà fún, Kúdí kékeré yẹn ló máa dáhùn.