Ẹ̀rọ Géèmù Tí Kò Mọ Ènì

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀rọ gbọ́n. Mo fojú mi rí ti Mọ́nsúrátù, aládùúgbò mi ní Àjẹ́gúnlẹ̀, lọ́dún 1994.

Ẹ̀rọ géèmù mẹ́rin ló ní, tòkunbọ̀ tó gba èbúté Tin Can wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù á sanwó, Mọ́nsúrátù á máa wo aago, á máa sáré láti ìdí ọ̀kan dé ìdí èkejì. Nígbà tó wá lóyún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó bẹ Oghenetega, tó ń tún rédíò ṣe ní Creek Road, pé kó gba òun.

Ìyẹn fa wáyà láti ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá sínú àpótí kan lórí tábìlì Mọ́nsúrátù. Bí èèyàn bá sanwó, Mọ́nsúrátù á tan ẹ̀rọ fún un látorí àga. Bí àkókò bá pé, àpótí á pa á. Háà! Báwo ni àpótí ṣe ń mọ ẹni tí àkókò rẹ̀ ti tán? Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó tì í, tí mò ń yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Àfi bí oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Ẹ̀rù ba Mọ́nsúrátù gan-an, torí ibẹ̀ nìkan ló ti ń jẹun, ọmọ sì ń bọ̀. Inú bí mi, mo lọ ká Benson, ọ̀kan nínú àwọn tó sá, tó ń ru ẹrù ní wáàfù, mọ́ ìdí oúnjẹ.

"Kí la fi ṣe ẹ́?"

"Àǹtí, ahun ni ẹ̀rọ yín o! Ó ku ẹ̀ṣẹ́ kan kí n borí, ló bá kú. No jara! Tẹ́lẹ̀, Àǹtí Mọ́nsú máa ń fi ènì sí i."

Oghenetega ní kékeré nìyẹn. Ó tún àpótí ṣe kó máa fi ènì kún àkókò gbogbo èèyàn. Benson padà wá, ó gbá a wọnú ènì, kò mọ̀! Bí ẹ̀rọ ṣe kú, ó pòṣé: "Ènì mi dà?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrátù bú sẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ta ló fún un? Ènì téèyàn ò bu síni lọ́wọ́, ṣé ènì nìyẹn? Oghenetega, fi bọ́tìnì ènì kan síwájú mi."

Láti ìgbà náà, bí àkókò bá ku díẹ̀, wọ́n á ké: "Àǹtí Mọ́nsú, ẹ ṣàánú mi o!" Á rẹ́rìn-ín, á tẹ bọ́tìnì láìdìde. Ṣọ́ọ̀bù tún kún.

Lọ́jọ́ tó bímọ, èmi ni mo jókòó nídìí bọ́tìnì. Benson ké bó ṣe máa ń ké, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé èmi ni.

"Àǹtí Mọ́nsú ńkọ́?"

"Ó ti bímọ. Obìnrin ni."

Ó pariwo, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ tòun tènì, ó sáré jáde lọ kí i.