Kànga Inú Agbo Ilé Àwọn Ahunṣọ

Ọjọ́ tí olùkọ́ wa kó wa lọ wo àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìsẹ́yìn ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ẹsẹ̀ la fi rìn. Bàbá Ràfíù, tó máa ń mú àlejò káàkiri ìlú, ló ṣáájú wa. Ní agbo ilé àwọn tó ń hun aṣọ òfì, wọ́n fi kànga tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ hàn wá. Mo fẹ́ rí inú rẹ̀, mo bá gun pákó tí wọ́n fi bò ó. Pákó dá. Bí mo ti ń já bọ̀, ọwọ́ mi ba gbòǹgbò igi kan lára ògiri kànga, mo dì í mú.

"Má mira," Bàbá Ràfíù sọ fún mi jẹ́jẹ́.

Kò sí okùn nítòsí, gbòǹgbò sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ni ahunṣọ kan bá fi ọ̀bẹ gé aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ kúrò lórí òfì, ó lọ́ ọ bí okùn, ó sọ ọ́ sí mi. Mo wé e mọ́ apá, gbogbo wọn sì fà mí jáde.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ náà.

"Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi ni," ó wí. "N óò hun òmíràn. Níbo ni ìyá rẹ ì bá ti rí ìwọ mìíràn?"

Olùkọ́ wa bú sẹ́kún.