Orin Òtútù Bàbá Mi

Òórùn kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé, nílé wa ní Arámọkọ. Ó máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń dùn díẹ̀, bí omi ògì. Bàbá mi á ti wà níwájú ilé, wọ́n á máa sá kòkó náà sórí sìmẹ́ǹtì. Bí iná bá wà, orin wọn á ti máa ké láti inú pálọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ orin yìí. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Súwídìn, nílẹ̀ Òyìnbó, ló fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú yẹn ló kọ ọ́, ọmọ ìwòyí ni wọ́n, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa dún bí ohun tí bàbá wọn àgbà fi sílẹ̀: dùùrù bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, fèrè àwọn ará oko wọn, àti gìtá oníná tó ń sunkún bí ẹni tí ọkọ já jù sílẹ̀. Ẹ gbé iṣu kaná nígbà tí orin kan bá bẹ̀rẹ̀, á jinná kó tó tán. Màámi á ní, "Bàbá Rónkẹ́, ṣé kò sí ohun tó dùn mọ́ àwọn èèyàn yẹn nínú ni?" Bàbá mi á dáhùn pé, "Òtútù ìlú wọn ni." Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi Rónkẹ́ ń bọ̀ láti Ìlórò, wọ́n fẹ́ wá mọ̀ wá. Ọkàn Rónkẹ́ ò balẹ̀ rárá. Ẹbí ọkùnrin kan ti wá wò ó rí, wọ́n lọ, wọn ò sì padà mọ́. Ó ní bí ti Ìlórò bá tún yẹ̀, òun ò ní lè gba àárín ọjà kọjá mọ́.

Ọ̀sán la ní kí wọ́n wá, àárọ̀ ni wọ́n dé. Kòkó ṣì wà nílẹ̀, orin sì ti dé ibi tó burú jù, níbi tí ọkùnrin tó ń kọ ọ́ ti ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ dárò. Àwọn àlejò dúró lójú ọ̀nà, wọ́n wo ara wọn lójú. Ta ló máa gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó wọ ilé ọ̀fọ̀? Wọ́n dá iṣu àti obì padà sínú mọ́tò, àwọn obìnrin tú gèlè, àwọn ọkùnrin ṣí fìlà, wọ́n bá wọlé jẹ́jẹ́.

Rónkẹ́ yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọwọ́ òfìfo àti orí tí kò wé gèlè. Ó sọ sí mi létí pé, "Wọn ò fẹ́ mi mọ́," ló bá bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá! Ìyá ọkọ sáré wá gbá a mọ́ra: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú." Màámi jáde láti ilé ìdáná tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ̀rín náà kú mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ẹ kú àmúmọ́ra o," ni àgbà wọn wí.

Bàbá mi ní, "Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin la fẹ́ bi."

Ìgbà tó yé bàbá mi, wọ́n rọra tọ́ka sí ẹ̀rọ orin. "Orin ni. Àwọn ará Súwídìn ni." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan di ògiri mú. Bàbá mi dìde láti lọ pa á.

"Ẹ má pa á," ni ìyá ọkọ wí. Opó ni wọ́n, ọkọ wọn ti lọ láti bí ọdún kan. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́tí, omi sì ń dà lójú wọn. "Látọjọ́ tó ti lọ, èmi ni mò ń tu àwọn tó wá kí mi nínú. Mi ò ráyè sunkún." Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àgbàlagbà ń sunkún sí orin tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀!

Nígbà tí orin náà tán, ìyá ọkọ nu ojú, wọ́n wé gèlè wọn, wọ́n di ọwọ́ Rónkẹ́ mú, wọ́n sì fi ẹ̀ka èdè Ìlórò kígbe sí àwọn èèyàn wọn pé, "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ lọ gbé uṣu wọlé, jàre! Ulé yìí la ti máa gbé iyàwó wa."

Lọ́dún tó kọjá, Màámi fi wá sílẹ̀. Èmi ni mo se oúnjẹ, èmi ni mo gba àlejò, èmi ni mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ó ti tó, kí wọ́n má sunkún mọ́. Nígbà tí mo padà sí Adó tí mo ń gbé, mo pe bàbá mi pé kí wọ́n fi orin yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n ní, "Ìwọ náà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ránṣẹ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná mi, mo sunkún Màámi. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́sí rò pé ó dìgbà téèyàn bá gbọ́ èdè orin kó tó lè sunkún sí i. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an, àmọ́ kò mọ nǹkan kan.