Ẹ̀rọ Tí Kò Rí Ràfíátù

Ojú òyìnbó inú kàlẹ́ńdà ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ rí. Ràfíátù jókòó síwájú rẹ̀ gbọnin, ó ti di híjáàbù rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ̀rọ wò ó kọjá bí ẹni pé àga òfìfo ló wà níbẹ̀. Ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀ la gbé kàlẹ́ńdà àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún ilé ìwé wa kọ́ sí, òyìnbó kan sì wà nínú rẹ̀ tó mú ìgò dání. Ojú ìyẹn ni ẹ̀rọ fi ìlà aláwọ̀ ewé yí ká. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ìlobù àti Ìfọ́n ní físíìsì. Nígbà tó yá, wọ́n tún di kọ̀ǹpútà rù mí, èmi tó jẹ́ pé ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọwọ́ mi a ṣì máa wá ṣọ́ọ̀kì. Àárò kíláàsì ń sọ mí, àárò Ràfíátù sì ju ti gbogbo wọn lọ.

Ìfọ́n ló ti ń wá lójoojúmọ́. Bàbá rẹ̀ ń dá oko ẹ̀gẹ́. Adúmáadán ni, ó dúdú bí kóró iṣin. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, ojú rẹ̀ ni àwọn yòókù máa ń wò kí wọ́n tó wo tèmi. Ìdánwò tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ló gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, torí wọ́n ní irú wa kò pọ̀ tó nídìí sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá yege, àwọn ni wọ́n máa rán an nílé ìwé dé òpin. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí ojú ọmọ kó tó ṣí ìbéèrè, á sì máa ṣọ́ ọ títí á fi parí, kí ẹlòmíràn má bàa bá a ṣe é.

A yọ kàlẹ́ńdà. A ṣí fèrèsé. Ọ̀gá ilé ìwé wa tan iná fóònù rẹ̀ sí ọmọ náà lójú.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí, ṣé ojú ń dùn ún ni?"

Fúnmiláyọ̀ apọ́nbéporẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀, yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, ẹ̀rọ mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà yẹn, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àkókò tí wọ́n fi ń wọlé sínú ìdánwò tó parí.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mò ń kábàámọ̀ dòní. Mo ṣí báàgì mi, mo mú àtíkè jáde.

"Ràfíátù, gbé ojú wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?"

"Kó lè rí ọ ni. Jókòó jẹ́ẹ́, àkókò ń lọ."

Mo kùn ún títí tó fi dà bí ẹni tó ń ti ilé ẹ̀rọ èlùbọ́ bọ̀. Ẹ̀rọ ṣí. Inú mi dùn, mo ní ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà. Ó dé ìdajì ìdánwò. Kò síná lọ́jọ́ náà, fáànù kò yí, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àtíkè lọ sí ọrùn rẹ̀. Lójijì ni ẹ̀rọ pa ìbéèrè dé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń ṣe ìdánwò ti dìde kúrò lórí àga.

Ràfíátù yíjú sí mi. "Mà, mo ṣì jókòó."

Kò sunkún. Ó lọ bọ́jú, ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàárọ̀, ó gba Ìfọ́n lọ.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ìdánwò. Mo ní ẹ ní aláwọ̀ dúdú lẹ̀ ń wá, ẹ wá fi ẹ̀rọ tí kò mọ aláwọ̀ dúdú ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdánwò ọdún náà ti kọjá. Mo tún kọ, mo tún kọ. Nínú kíláàsì, mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé àwòrán ojú ènìyàn ni wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ojú tí wọn kò bá fi hàn án tó, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ, mà?"

"Àwọn tí kò tíì rí yín. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ èyí tó ń bọ̀."

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì ni èsì gidi tó dé. Wọ́n ní olùkọ́ lè jókòó ti ọmọ, kó fọwọ́ sí ìwé, ẹ̀rọ kò ní ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ́ Ràfíátù ti ju ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà lọ. Mo mú lẹ́tà náà lọ bá a ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Ó kúnlẹ̀ láàárín wáyà, ó gbà á, ó kà á tán.

Mo ní, "Dárí jì mí."

Ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Orúkọ ta lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún ìdánwò ọdún yìí?"

Ọmọ mẹ́ta ló ṣe é lọ́dún náà, mo jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan yege, ó ti lọ. Ó máa ń fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun àti àwọn irinṣẹ́ tí èmi kò rí rí láyé mi. Inú mi ń dùn, mo sì ń ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n bí àwòrán náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, tí n kò tíì rí ẹni tó wà níbẹ̀, Ràfíátù ni ojú mi máa ń wá.