Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kó Gbogbo Ohun Tó Ní Kalẹ̀

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín; ohun tí n kò bá rántí dáadáa, mo ti fò ó. Òórùn bébà tó mumi ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú. Odò Ògùnpa ló kún wọ ìsọ̀ bébà tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí gbogbo ọjà inú rẹ̀ sì wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. A sá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wa ní Bẹyẹrúnká títí òórùn wọn fi gba ilé kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rà wọ́n.

Ìwé ni bàbá mi ń dì ní ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá Mápó, Báíńdà ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló yá a lówó tó fi ṣí ìsọ̀ náà: Alhájà tó ni ilé ìtẹ̀wé, opó kan ní Kúdẹtì tó kó owó àjọ rẹ̀ sílẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ń ta bébà ní Òjé. Nígbà tí ìsọ̀ bàjẹ́, opó náà àti ará Òjé ń wá sílé wa wá béèrè owó wọn. Alhájà kò wá rárá. Owó oṣù bàbá mi ló kàn mú, odindi oṣù méjì. Ìyá mi wá ń fi ife kékeré wọn gàrí, a sì mọ̀ pé bí oṣù kẹta bá tún lọ bẹ́ẹ̀, ebi yóò pa wá, n kò sì ní lè san owó ìdánwò mi.

Mógàjí agboolé wa, tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù kí ó tó fẹ̀yìn tì, ló ṣàlàyé fún bàbá mi. Ó ní ẹni tí gbèsè bá ti ju agbára rẹ̀ lọ lè kó ohun tó ní kalẹ̀ níwájú òfin, kí àwọn tó jẹ ní gbèsè pín in bí owó kálukú ṣe pọ̀ tó, kí ìyókù sì kú. Ó ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò yàtọ̀ láàárín wọn. Kò gbọdọ̀ torí pé owó oṣù wà lọ́wọ́ òun kí ó ṣáájú àwọn yòókù. Kí ọ̀rọ̀ má baà dé kóòtù, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

Bàbá mi kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹní: kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ìwé báǹkì, aago ọwọ́, títí kan aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń fi gbèsè pamọ́ bí ẹni ń fi egbò pamọ́. N kò tí ì rí ẹni tó tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú aya àti ọmọ.

Alhájà wò ó. “Báíńdà, o ti di lọ́yà. Bí gbèsè mi bá kú lónìí, ojú wo lo ó fi wò mí láàárọ̀ ọ̀la?”

“Ojú yìí náà ni, Alhájà. Ẹ ó bá mi nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá Kúdẹtì yìí náà yá mi lówó. Ẹ má jẹ́ kí n fi tiwọn san tiyín.”

Ará Òjé ní kí wọ́n ká aṣọ òkè náà kúrò ńbẹ̀, nítorí kò lè yí ikùn òun po. Alhájà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti opó, ó sì gbà kí owó oṣù méjì náà wọ inú ohun tí wọn yóò pín. Wọ́n pín in, wọ́n sì yọ̀ǹda ìyókù. Owó oṣù kẹta dé ọwọ́ bàbá mi, mo sì ṣe ìdánwò mi.

Ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi pé ẹni tí kò ní nǹkan mọ́ ṣì lè ṣe ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí bàbá mi fi ń gbé ìwé Alhájà wálé lọ́jọ́ ìsinmi, tó ń dì wọ́n láìgba kọ́bọ̀. Mo bi í pé ṣebí gbèsè ti kú. Ó ní òfin ti pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ lòun ń rí Alhájà. Mo tún bi í léèrè: ìyá Kúdẹtì tí ẹ kì í rí ńkọ́, Bàámi?