Áńpù Tí Ọdúnayọ̀ Fura Sí ní Ṣógúnlé

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Ọdúnayọ̀ Kọ́láolúwa Adéjùmọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, ṣùgbọ́n Ṣógúnlé ni ó ń gbé láti ìgbà tí ó ti wà ní àpọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀. Bí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, gìtá béèsì ni iṣẹ́ rẹ̀: gìtá olókùn mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, tí ìjọ máa ń jó sí láìmọ̀ pé òun gan-an ni ẹsẹ̀ àwọn ń tẹ̀ lé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ọdúnayọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò gbẹ́kẹ̀ lé áńpù ẹnikẹ́ni. Áńpù ni ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè. Bí kò bá sí i, gìtá béèsì kò yàtọ̀ sí pákó tí a so okùn mọ́. Ó tóbi, ó sì wúwo; ẹlẹ́gìtá kì í gbé e rìn. Ẹni tí ó ni ilé ìdánrawò, tàbí ẹni tí ó pe ẹgbẹ́ akọrin sí òde, ni ó máa ń pèsè rẹ̀, ohun tí ó bá sì gbé kalẹ̀ ni ẹlẹ́gìtá yóò fara mọ́. Ibẹ̀ ni ojú Ọdúnayọ̀ ti rí nǹkan. Èkíní, ó ti bá áńpù pàdé tí orúkọ òyìnbó wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà, tí sípíkà inú rẹ̀ sì jẹ́ ti rédíò ọkọ̀. Èkejì, ó ti rí èyí tí sípíkà rẹ̀ ya, tí wọ́n fi gáàmù àti páálí ìwé ọmọ ilé-ìwé lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni áńpù òtẹ́ẹ̀lì kan tí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ń yí, tí kò sí èyí tí ó ń ṣe ohunkóhun nínú wọn. Ẹ̀kẹrin, ó lo ọ̀kan rí tí ó ń gbé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù jáde nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, wáyà gìtá rẹ̀ kì í kan áńpù kankan kí ó tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ó fi ìka kan ara rẹ̀ kó-kó-kó, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tí ń ra ẹja yíyan. Ìyàwó rẹ̀, Ọládùnní, kò jẹ́ kí ó gbádùn nítorí ìwà yìí.

"Bàbá Tẹ́ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọbẹ̀ yìí náà kí ẹ tó jẹun. Bóyá mo ti pààrọ̀ ẹran ibẹ̀."

"Mo ti wò ó nígbà tí o kọ̀yìn sí mi," ni Ọdúnayọ̀ fèsì, ó sì ń bu òkèlè lọ.

Áńpù kan ṣoṣo ni ó fọkàn tán ní gbogbo agbègbè náà, ìyẹn ni áńpù Babáwálé. Ọ̀gbẹ́ni yìí ni ó ni ilé ìdánrawò tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, níbi tí màmá ti ń ta gàrí, ìrẹsì àti tòmátò inú agolo. Òun àti Ọdúnayọ̀ ni wọ́n jọ lọ ra áńpù náà. Ọdúnayọ̀ wo inú rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó rí i pé àmì ọ̀dà pupa kan wà ní etí sípíkà rẹ̀, ó sì fi àmì náà sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dáwọ́ dúró ní ọdún tí ó kọjá, áńpù náà yí ohùn padà. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sá lọ. Ohun tí ó ń jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí a fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Morọ́lá Fákúnlé, obìnrin tí ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin tí Ọdúnayọ̀ ń ta gìtá fún, tí wọ́n máa ń dánra wò níbẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ yín o."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́, Morọ́lá."

"Ìka yín ni mò ń rí. Ohùn ni mi ò rí."

Aaron, onílù wọn, da ọ̀rọ̀ náà sí àwàdà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ jẹun kúrò nílé ṣá?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọdúnayọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Kò pẹ́ tí Babáwálé fi mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Àjàó Estate, Jeremy ni orúkọ rẹ̀, gìtá béèsì ni òun náà ń ta. Jeremy kì í pẹ́ ní ìsàlẹ̀ gìtá. Ó máa ń ja okùn, ó máa ń fi àtàǹpàkò gbá a, ohùn òkè a sì máa ta pàràpàrà bí omi tí ó kán sínú epo gbígbóná. Áńpù kan náà ni ó lò, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti ń rẹ̀.

Morọ́lá kò fi ọ̀rọ̀ bò. Ìjọ kan ní Ìsọlọ̀ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ti pe ẹgbẹ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n, áńpù kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì lò. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin á ta, Jeremy á ta, ẹni tí mo bá gbọ́ ni mo máa mú lọ."

Ìjọ náà ni ìjọ tí Ọdúnayọ̀ ti gbé Ọládùnní níyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìsàmì Tẹ́ní, ọmọ wọn. Bí ìdúpẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, níṣojú gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò ti bọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Wọ́n ti sún áńpù náà mọ́ ògiri pátápátá, nígbà tí ó sì fẹ́ fà á, Babáwálé ní, "Ẹ má sún un, ẹ̀gbọ́n, màmá ò fẹ́." Kí ni ó kan ìyá oní-gàrí nínú ọ̀ràn áńpù? Èyí jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ìdè tí wọ́n fi de iwájú rẹ̀ jẹ́ tuntun, wọ́n ń dán yanran lára ẹ̀rọ àtijọ́. Èyí jẹ́ méjì. Òun tìkára rẹ̀ rí Babáwálé ní Ọ̀ṣọ́dì, tí ó gbé sípíkà sí abíyá, tí ó sì ń wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún sípíkà ṣe. Mẹ́ta nìyẹn. Èyí tí kò jẹ́ kí ó sùn ni ti Jeremy: ta ni ó mú ọmọ tí kò nílò ohùn ìsàlẹ̀ wá sí ìdí áńpù tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀ mọ́? Lójú Ọdúnayọ̀, ọ̀rọ̀ ti tò. Babáwálé ti ta sípíkà gidi, ó ti fi gbàrọgùdù sí ipò rẹ̀, ó sì ti wá ẹni tí yóò bá a bo àṣírí.

Ní Sátidé, gbogbo wọn pé. Jeremy kò tíì tú gìtá rẹ̀ jáde nínú àpò tí Ọdúnayọ̀ fi dìde.

"Kí ẹnikẹ́ni tó kọrin, mo fẹ́ kí a ṣí áńpù yìí."

"Nítorí kí ni?" ni Babáwálé bi í.

"Nítorí pé sípíkà tí a jọ rà kọ́ ni ó wà níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé olè ni mí?"

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Mo ní kí a ṣí i ni."

"Ẹ ti pè mí. Ẹ kàn fi ewé wé e ni." Ojú Babáwálé ti yí padà. "Bí a bá ṣí i, tí ó jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kí Jeremy máa lọ sí Ìsọlọ̀. Mi ò ní bi yín ní nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyin lohùn o," ni Morọ́lá kìlọ̀.

"Mo ti jù ú sílẹ̀."

Wọ́n fa áńpù náà síwájú díẹ̀, Aaron sì tú iwájú rẹ̀. Ọdúnayọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì. Àmì ọ̀dà pupa wà níbẹ̀, ní etí sípíkà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Babáwálé ni ó fi ohùn tútù ṣàlàyé: ìdè àtijọ́ ti dípẹtà, ni òun ṣe pààrọ̀ wọn, sípíkà tí òun gbé lọ sí Ọ̀ṣọ́dì jẹ́ ti máíkì akọrin, èyí tí iná bà jẹ́; nítorí pé wọn kò gbọ́ béèsì mọ́ ni òun sì ṣe mú Jeremy wá. Jeremy ń wá ibi tí yóò fi ojú sí. Babáwálé de iwájú áńpù padà, ó sì fi ìbínú tì í lọ sí ìdí ògiri gbàgà.

Ohùn Ìyá Babáwálé bá dún láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Babáwálé! Aṣọ tí mo fi dí ihò yẹn, ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o! Eku ò gbọdọ̀ tún wọ inú gàrí mi!"

Wọ́n wo ara wọn. Ọdúnayọ̀ ni ó kọ́kọ́ rìn lọ síbẹ̀. Ihò róbótó kan wà lẹ́yìn áńpù náà, èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan jáde láti inú rẹ̀: àgékù ìró, apá aṣọ akọrin, àpò ìrẹsì, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àti káńfọ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá.

"Màmá, ta ni ó ní kí ẹ dí i?" ni Babáwálé kígbe.

"Ìwọ ta ló ní kí o ra àpótí tí ihò wà nídìí ẹ̀? Ibẹ̀ ni eku bímọ sí!"

Ọdúnayọ̀ ki wáyà bọ áńpù, ó sì tẹ okùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ mì. Àwọn agolo tòmátò ń gbọ̀n lórí pẹpẹ, Ìyá Babáwálé sì ń pariwo pé ṣé wọ́n fẹ́ wó ilé lé òun lórí ni. Morọ́lá di ojú. Nígbà tí ó la ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ sí Ìsọlọ̀."

"Rárá," ni Ọdúnayọ̀ wí. "Sípíkà náà jẹ́ ti tẹ́lẹ̀." Ó yíjú sí ẹni tí ó ni áńpù. "Babáwálé, mo pè ọ́ ní ohun tí o kì í ṣe."

"Ẹ ò pè mí tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ewé wé e." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ó lọ, kò sì sọ pé kí ó má lọ.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé, Jeremy ni ó ta gìtá. Ọdúnayọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sáàárín ìjọ. Áńpù tí ìjọ náà yá wá ni ó tẹjú mọ́, ó sì ń ronú lórí ohun tí ó lè wà nínú rẹ̀.

"Bàbá Tẹ́ní," ni Ọládùnní sọ sí i létí, "ẹ gbójú kúrò lára àpótí yẹn, kí ẹ dìde ká jó."

Ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri láti Ṣógúnlé dé Àjàó Estate ni pé Babáwálé ta sípíkà inú áńpù rẹ̀, pé Ọdúnayọ̀ ká a mọ́ ibẹ̀, àti pé wọ́n fi ọmọdé gba ipò rẹ̀ láti fi ìyà ẹnu rẹ̀ jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Babáwálé kò ta ohunkóhun. Sípíkà tí wọ́n jọ rà ṣì wà nínú áńpù náà di òní. Jeremy kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà rárá. Kò sì sí ẹni tí ó gba ipò lọ́wọ́ Ọdúnayọ̀: òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda rẹ̀, fún ìdúpẹ́ kan ṣoṣo yẹn, nítorí pé ó fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.